Ilé Mi Wà Nínú Síìmù, Mi Ò Mọ̀

Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, mo pe nọ́ńbà ara mi, obìnrin kan ló gbé e. Yàrá ìsinmi àwa òṣìṣẹ́ ni mo wà, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds. Tíì mi ti tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò mi ni mo rò pé ó máa gbé e, torí ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi síìmù náà sí nígbà tí mo ń kúrò n'Ìbàdàn.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà yìí, tèmi ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Abẹ́òkúta lòun wà, ó ti tó oṣù mẹ́ta tóun ti ra síìmù náà, NIN òun sì ti wà lórí rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni àlẹ́ẹ̀tì báńkì tó ń wọlé sórí fóònù mi yìí? Wọ́n tún yọ náírà mẹ́rin lánàá o."

Orí mi fò lọ. Obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, tó jókòó sí Abẹ́òkúta, ló ń rí iye tó kù nínú àkáǹtì mi. Èmi tí mo lówó, mi ò rí i.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò le. Fóònù mi àtijọ́ ló já bọ́ lóṣù Kọkànlá, ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Mo ra òmíràn, mo gbé áàpù báńkì mi ti Nàìjíríà sórí rẹ̀, áàpù ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi, kí n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko tí mo fi lo áàpù yẹn nílùú òyìnbó, kò béèrè kóòdù lọ́wọ́ mi rí, torí fóònù kan náà ni. Ọjọ́ tí fóònù yí padà ni mo tó mọ̀ pé okùn kan ṣoṣo ló so mí mọ́ owó mi, okùn náà sì ti já tipẹ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni mo kúrò nílé. Ilé oníyàrá méjì ni mo háyà l'Ápẹ̀tẹ̀. Mo ta Corolla mi, mo san ohun tó kù nínú owó ilé ìwé, ó ku mílíọ̀nù 1.4 náírà, mo ní kó wà nínú àkáǹtì, torí mo ti ń wo ilẹ̀ kan lọ́nà Ìdó. Bí mo ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ lé lánlọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ni mo di ẹni tí kò ní àdírẹ́sì ní Nàìjíríà mọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ro ìyẹn lọ́jọ́ tó ń jápa? Kílò 46 tí ọkọ̀ òfuurufú gbà lèmi ń rò. Mo ń yọ gààrí, mo ń fi ẹ̀gúsí sí i. Síìmù, mo yọ ọ́, mo fún àbúrò mi, mo ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀." Ó sì tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́: inú dúrọ́wà ló gbé e sí, inú fóònù tọ́ọ̀ṣì kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú.

Òfin àjọ NCC, àwọn tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ fóònù, ni pé síìmù tí kò bá ṣe ohunkóhun tó pawó wọlé fún ilé iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ 180, wọ́n lè pa á. Bí ọjọ́ 180 mìíràn bá tún kọjá lórí rẹ̀, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ọdún kan náà nìyẹn. Kì í ṣe olè ló jí i, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Dúrọ́wà àbúrò mi ló pa á.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra láti rìn fara balẹ̀. Láti ọdún 2014 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé BVN dé, nọ́ńbà onídíjíìtì 11 yẹn ló so gbogbo àkáǹtì tẹ́ ẹ ní pọ̀, nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ fún wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ka ló sì so mọ́ ọn. Ẹ lè ní káàdì, kẹ́ ẹ mọ PIN, kẹ́ ẹ rántí orúkọ ìyá yín kó tó rélé ọkọ, bí kóòdù bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìta lẹ wà. *565*0# tí èèyàn fi ń wo BVN rẹ̀ gan-an, orí nọ́ńbà yẹn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó dùn mí ni pé mo ti jìyà àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀kan ṣáájú. Nígbà tí mo dé Leeds, mi ò ní ilé níbẹ̀ náà. Báńkì ńlá tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ní kí n mú ìwé tó ní orúkọ mi àti àdírẹ́sì mi wá. Ẹni tó fẹ́ háyà yàrá fún mi ní kí n mú ìwé báńkì wá kóun tó fún mi nílé. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní níbo ni kí àwọn san owó oṣù sí? Mo ń yí po bí òkòtó. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló ní kí n gbé fóònù jáde, kí n gbé Monzo, báńkì orí fóònù, sórí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, kò ní ilé tí èèyàn ń wọ̀. Wọn ò béèrè bíìlì lọ́wọ́ mi. Mo ya páspọ́ọ̀tù mi, mo ṣe fídíò kékeré tí mo ti pe orúkọ ara mi, mo kọ ibi tí káàdì máa bá mi, ó parí. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà káàdì náà dé, aláwọ̀ bí iyùn, ó ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba. Nígbà tí mo wá ní yàrá tèmi, tí kánsù kọ orúkọ mi sára ìwé owó orí ilé, kò sí ibi tí ìwé yẹn kò lè gbé mi wọ̀. Mo ṣì ní ti ọdún àkọ́kọ́ nínú fáìlì.

Mo rò pé mo ti borí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ilé lọ́hùn-ún ni wàhálà ń dúró sí.

Mo pe báńkì mi. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbà mí lálejò, lówó ìpè òkè òkun. Ọmọkùnrin tó wá gbé e ṣe sùúrù fún mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá ní, "Ẹ kàn lọ sí ẹ̀ka wa tó súnmọ́ yín jù, sà." Mo ní Leeds ni mo wà. Ó ní, "Ó dáa sà, ẹ̀ka tó súnmọ́ yín jù." Ìmeèlì tí wọ́n fi tẹ̀ lé e to ohun tí wọ́n ń fẹ́: lẹ́tà tí mo fọwọ́ sí, ìwé ìbúra kóòtù, páspọ́ọ̀tù, àti bíìlì iná tàbí omi tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, pẹ̀lú orúkọ mi, ní àdírẹ́sì tí mo ń gbé ní Nàìjíríà.

Ọ̀nà kan wà tí n bá gbà. Mo lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue ní London, kí n ṣe ìwé àṣẹ tó máa jẹ́ kí àbúrò mi dúró fún mi, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sílé. Mo ṣírò owó ọkọ̀, owó ìwé, àti ọjọ́ iṣẹ́ tí mo máa pàdánù, mo sì ronú pé báńkì lè ní ìka mi làwọn ń fẹ́, kì í ṣe ti àbúrò mi. Mo fi sílẹ̀. Mo ní màá yanjú rẹ̀ bí mo bá lọ sílé ọdún.

Dídúró yẹn ló ná mi lówó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù Kejìlá ọdún 2023 yẹn náà ni Báńkì Àpapọ̀ ní kí wọ́n ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN pa bó bá di oṣù Kẹta ọdún 2024. Báńkì mi ní NIN mi kò tíì so mọ́ àkáǹtì. Báwo ni n bá ṣe so ó, nígbà tí kóòdù ń lọ sí Abẹ́òkúta? Àkáǹtì dì gbagidi. Owó kò lè jáde mọ́. Nígbà tí mo fi owó yẹn sílẹ̀ lọ́dún 2021, ó tó nǹkan bí pọ́n-ùn 2,000. Nígbà tó fi di ìparí ọdún 2024, lẹ́yìn tí ìjọba ti já náírà sọ́jà lóṣù Kẹfà ọdún 2023, kò ju nǹkan bí 700 lọ. Mílíọ̀nù 1.4 náà ni. Ilẹ̀ tí mo ń wò lọ́nà Ìdó, mi ò béèrè iye rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè bóyá kẹ́ ẹ fi owó ńlá sílẹ̀ nínú náírà kẹ́ ẹ tó rìn, èmi ò ní fi. Owó tẹ́ ẹ máa fi tọ́jú ìyá, owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, ìyẹn tó. Èyí tó kù, ẹ rà á sí ohun kan kẹ́ ẹ tó lọ, tàbí kẹ́ ẹ fi sí àkáǹtì dọ́là.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni mo balẹ̀. Síìmù tuntun ni mo kọ́kọ́ gbà, mo fi NIN mi forúkọ sílẹ̀. Mo lọ sí kóòtù Ìyágankú lọ búra lórí nọ́ńbà tó sọnù. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì ní aago méje àbọ̀ àárọ̀. Gáàdì ń pín nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò kọ sára páálí. Kọkànlá ló kàn mí.

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn kò ju ọdún 25 lọ. "Ẹ káàárọ̀ sà. Kí la lè ṣe fún yín?" Mo rò fún un. Ó ya fọ́tò mi, ó gba ìka mi, ó gba ìwé ìbúra. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà parí níbẹ̀ láàárín wákàtí kan, ó ní kí n fún un lọ́jọ́ mélòó kan. Àdírẹ́sì ló kù. Mo sọ ti Leeds fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó wá yí kọ̀ǹpútà sí mi kí n fojú ara mi rí i: ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá nìkan ló gbé wá. "Sà, kò gba Leeds." Mo ní àbí ká fi sábẹ́ Ọ̀ṣun? Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò ní ẹbí n'Ìbàdàn ni, sà?"

Kí ló dé tí mi ò ní ní? Agbo ilé wa wà ní Ìdí-Arẹ́rẹ̀. Bí ẹ bá dé ìta ibẹ̀ tẹ́ ẹ dá orúkọ bàbá bàbá mi, ọmọdé lásán á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ńbà ilé? Èyí tí àwọn oníkà-èèyàn ọdún 2006 fi ọ̀dà kọ sára ògiri ló ṣì wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti hó. Mo mú rìsíìtì iná wá, ti mítà tí wọ́n ń ra káàdì sí. Orúkọ bàbá bàbá mi ló wà lára rẹ̀.

"Ẹni yìí máa kọ lẹ́tà pé ọ̀dọ̀ òun lẹ ń gbé, sà."

"Wọ́n ti kú."

"Ha, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Nígbà wo?"

"1998."

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo rí i pé ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. A fẹnu kò pé kí mọ́gàjí wa kọ lẹ́tà dípò òkú. Mọ́gàjí kọ ọ́, lórí ìwé tó ní àwòrán ara wọn lápá òkè, wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá wọ́n á fojú tín-ín-rín ẹyọ kan. Báńkì ní àwọn máa rán ẹni tó máa wá wo ilé náà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà látìgbà yẹn. Kì í ṣe irọ́ ńlá. Ilé bàbá mi ni, mo sì sùn níbẹ̀ lóru àná. Ṣùgbọ́n ohun tí fọ́ọ̀mù béèrè ni ibi tí mo ń gbé.

Ọmọkùnrin náà gun ọ̀kadà wá lọ́jọ́ tí mo lọ sí Dùgbẹ̀. Ó ya fọ́tò ògiri, ó wo nọ́ńbà tó hó, ó wá kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Alákàrà tó wà lódìkejì ọ̀nà, ẹni tó ti ń din àkàrà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó béèrè bóyá mo ń gbé nínú ilé yẹn. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dé, tayọ̀tayọ̀ sì ni, wọ́n ní, "Ọmọ wa mà ni! Ìlú Ọba ló ń gbé. Ó wálé wá ṣọdún ni, ó ń padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n tún fún un ní àkàrà mẹ́ta. Ó jẹ àkàrà tán, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé mi ò gbé ibẹ̀.

Mi ò lè bínú sí ẹnì kankan. Nínú gbogbo wa, mọ́gàjí, èmi, àti ọmọbìnrin báńkì, Ìyá Alákàrà nìkan ló sọ òótọ́.

Mo padà sí báńkì, mo ní máníjà ni mo fẹ́ rí. Obìnrin ni, gèlè funfun wà lórí wọn torí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ látìbẹ̀rẹ̀ pé oníbàárà tó ń gbé òkè òkun ni yín?" Mo ní kọ̀ǹpútà kò gbà á. Wọ́n ní ti kọ̀ǹpútà kọ́, fọ́ọ̀mù mìíràn wà fún un, ti ìwé, tó ń lọ sí olú ilé iṣẹ́ l'Ékòó. Wọ́n fa àpótí yọ, wọ́n gbé e jáde. Ohun tí fọ́ọ̀mù yẹn béèrè ni páspọ́ọ̀tù, físà, àti ìwé kan tó fi hàn pé mo ń gbé ibi tí mo ní mo ń gbé. Ìwé owó orí kánsù Leeds wà nínú fóònù mi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú báńkì. Ìwé tó gbé mi wọlé ní Leeds náà ló gbé mi wọlé n'Ìbàdàn.

Máníjà yẹn ló tún tọ́ka sí ohun kan tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n ní Báńkì Àpapọ̀ ti fọwọ́ sí irú àkáǹtì méjì fún ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn odi, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2025. Èyí tí wọ́n pè ní NRNOA wà fún owó tí èèyàn ń rí lókè òkun tó fẹ́ máa fi ránṣẹ́ tàbí kó máa ná nílé. NRNIA wà fún ẹni tó fẹ́ fi owó dókòwò. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ẹni tí kì í gbé ilé. Kò sí ẹni tó máa rán ọlọ́kadà lọ bá Ìyá Alákàrà. Nígbà tó di May 2025, wọ́n tún gbé ètò kan dé tí ẹni tó wà lókè òkun, tí kò ní BVN rárá, lè fi gbà á láìwálé. Ká ní ó ti wà lọ́dún 2021, mi ò mọ̀ bóyá èmi gan-an ì bá fiyè sí i. Mo ṣáà ní BVN, mo ní síìmù, mo ní àbúrò.

Bọ̀rọ̀kìnní kan máa ń wá síbi iṣẹ́ wa, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú, òyìnbó ni, Spain ló ń gbé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo sọ ìtàn yìí fún un, ó ní kì í ṣe tuntun lójú òun. Lẹ́yìn tí Britain kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, nígbà tó di ìparí ọdún 2020, báńkì rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i pé bí kò bá ní àdírẹ́sì ní Britain, àwọn máa ti àkáǹtì tó ti ń lò láti ìgbà èwe rẹ̀ pa. Ilé ìyá rẹ̀ ló fẹ́ kọ. Ìyá rẹ̀ sì ti kó wá sọ́dọ̀ wa. Òyìnbó náà ń wá bíìlì!

Èmi báyìí, síìmù tuntun wà nínú fóònù mi kejì níhìn-ín ní Leeds, mo sì jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ lókè òkun. Níní owó lórí rẹ̀ nìkan kò tó o, ó gbọ́dọ̀ ná an. Oṣù méjì-méjì ni mo ń fi í ránṣẹ́ kúkúrú sí àbúrò mi: "Mo wà o." Òun náà á dáhùn pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, a rí i." Mi ò jẹ́ kí owó mi wà nínú àkáǹtì ẹbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Birmingham fún àna rẹ̀ ní káàdì àti PIN kó máa bá a kọ́ ilé, ilé náà dé ojú fèrèsé, ó dúró síbẹ̀, àárín àwọn méjèèjì náà sì dúró síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta January ni àkáǹtì mi ṣí. Mo pe obìnrin Abẹ́òkúta láti dúpẹ́ pé kò fi àlẹ́ẹ̀tì mi ṣe nǹkankan. Ó ní kò sí wàhálà, àlẹ́ẹ̀tì ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò tíì fi òun sílẹ̀. Mẹkáníìkì kan n'Ìbàdàn ń pe òun lóṣooṣù pé mo jẹ òun ní 6,000 náírà lórí bíréèkì Corolla kan. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mo gba nọ́ńbà àkáǹtì ọ̀gbẹ́ni náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ti gbà á sílẹ̀ dè mí. Owó àkọ́kọ́ tó jáde nínú àkáǹtì yẹn láti 2023, ti bíréèkì ni.